Ìrora Tó Jọ Ti Oko

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà ní Kàbà, bíírò máa ń bà mí lẹ́rù ju abẹ́rẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́, ojú mi ló máa ń ṣe. Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, aláìsàn á ké, màá sì mọ̀ pé mo ti ṣe é. Ohun tí mo bá fi bíírò kọ, ilé aláìsàn ló ń bá a lọ. Á tẹ̀ lé e lọ sórí oúnjẹ, á bá a lọ sóko, á bá a sùn, èmi ò sì ní sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá kọ ìwé oògùn tán, màá kà á lẹ́ẹ̀kan, màá tún un kà, màá tún dá a dúró díẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà ní yàrá wa a máa sọ pé, "Dókítà, ìwé oògùn ni o, kì í ṣe ìwé ìgbéyàwó. Ẹ fọwọ́ sí i jàre, èrò pọ̀ níta."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wọlé wá. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣíwájú, òun ló mú àpòòwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bàbá dání.

"Okun o, dókítà," ni màmá fi kí mi, bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ wa.

"Okun o, mà. Ẹ jókòó."

Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, apá rẹ̀ le bí ẹ̀ka igi, kò sí ikùn kankan níwájú rẹ̀. Ó jókòó, ó wo ìyàwó rẹ̀, tí òun sanra dáadáa, ó tún wò mí.

"Dókítà, ẹ wo àwa méjèèjì. Ta ló yẹ kí wọ́n sọ pé ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?"

"Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀ o," ni màmá dáhùn. "Ọ̀rá tèmi wà níta, gbogbo ayé ń rí i. Tiyín ló lọ sá pamọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka èsì náà, ẹ̀rín mi dín kù. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bàbá ga gan-an, pàápàá irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, sì ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ó ṣubú ní balùwẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ kan rọ, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ. Màmá ló sọ èyí fún mi. Bàbá ń wo fèrèsé nígbà tó ń sọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, kì í ṣe nítorí pé ó ń ṣàìsàn, nítorí kò tilẹ̀ jọ aláìsàn. Mo rí i pé ó ti ń ka ọdún ara rẹ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò kàn fẹ́ kí a mọ̀ ni.

Ọ̀gá wa, dókítà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, wo ìwé náà, ó ní bàbá nílò ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí à ń pè ní státíìnì. Oògùn yìí ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ dín ọ̀rá tó ń ṣe kù. Ó dára, ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ béèrè kó tó kọ ọ́. Mo béèrè gbogbo rẹ̀. Mo béèrè nípa ẹ̀dọ̀, mo sì ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo béèrè nípa ọtí. ("Ẹmu nìkan," ni bàbá wí. "Nìkan kọ́," ni màmá wí.) Mo béèrè oògùn tó ń lò, mo sì ṣí ìwé mi wò bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ò ní bá èyí jà. Mo rí i pé ó lè jẹ́ kí státíìnì náà pọ̀ jù lára, ni mo bá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Inú mi dùn sí ara mi. Mo rò pé bí àwọn olùkọ́ mi bá wà níbẹ̀, wọn á mi orí.

Ó wá ku ìkìlọ̀ kan tí a kì í fò. Oògùn yìí lè ba ẹran ara jẹ́ lára àwọn èèyàn díẹ̀, ìrora ló sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún bàbá pé bí ara bá ń dùn ún, kó dá oògùn náà dúró, kó wá bá mi.

Bàbá wò mí bí ẹni pé mo ní kó wá bá mi nígbàkígbà tí ebi bá pa á.

"Dókítà, àgbẹ̀ ni mí látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe àáró. Òní oko tèmi, ọ̀la oko tìẹ. Bí mo bá ní kí n máa wá ní gbogbo ìgbà tí ara bá ń dùn mí, ẹ wá ibùsùn fún mi níbí."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ àgbẹ̀ láti Iyah-Gbede ni èmi náà; mo mọ bí ilé ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè. Mo mọ bí bàbá mi ṣe máa ń di ògiri mú kó tó lè dìde, tí ìyá mi á máa fi òrí pa itan rẹ̀ lẹ́yìn omi gbígbóná. Bóyá nítorí èyí ni mo ṣe sọ ohun tí mo sọ. Mo fẹ́ kí bàbá mọ̀ pé èmi kì í ṣe àlejò, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi.

Mo ní, "Bàbá, mo mọ̀. Èyí tí kò bá jọ ti oko ni mò ń wí."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni bàbá wí. "Ìyẹn yé mi."

Mo fọwọ́ sí ìwé náà.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. Ọ̀rá náà bọ́ sílẹ̀ débi pé ọ̀gá wa fi èsì náà han nọ́ọ̀sì. Bàbá ń wá gba oògùn lọ́jọ́ tí a bá dá fún un, ó ń bú mi pé mo ti kéré jù láti máa yọ àgbàlagbà lẹ́nu báyìí, màmá sì máa ń bá mi mú iṣu wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá iṣẹ́ yìí á padà bá mi lára mu.

Nígbà tó yá, òjò rọ̀, ilẹ̀ rọ̀, àáró bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́rú kan, bàbá dé láti gba oògùn oṣù náà. Ó ń rìn bí ẹni tó ru igbá omi. Ó ń wúkọ́ díẹ̀.

"Bàbá, ara yín ńkọ́?"

"Ara ń ro mí díẹ̀ ṣá. Itan àti èjìká. Àáró tiwa ti gbóná. Oko mẹ́ta la ti kọ, ó ku mẹ́ta."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa rọra."

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo tún yìn ín pé iṣẹ́ oko dára fún ọkàn. N kò béèrè nípa ikọ́ náà. N kò béèrè bóyá ó ti ra nǹkan kan lò fún un. Àwọn mọ́kànlá ṣì wà lórí ìjókòó níta, ìrora náà sì jọ ti oko. Ó jọ ọ́ débi pé ojú bàbá mi ni mo rí lójú rẹ̀, ìfẹ́ ni mo sì fi sọ ohun tí mo sọ. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù bí mo bá rántí. Ká ní àlejò láti ibòmíràn ló jókòó sórí àga yẹn, ẹni tí kò rí ebè rí, bóyá á ní kí wọ́n lọ gba ẹ̀jẹ̀ bàbá fún àyẹ̀wò.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, màmá nìkan ló wá. Ó ní kí n fún òun ní oògùn ìpara tó lágbára, nítorí bàbá ò lè gbé apá láti wọ ṣẹ́ẹ̀tì láàárọ̀. Mo béèrè ibi tí bàbá wà. Ó ní ó ti lọ sóko. Òní ni àáró yí kan oko tirẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ jókòó sílé. Mo kọ oògùn ìpara náà. Ó dúpẹ́, ó dìde, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó wá yíjú padà.

"Dókítà, ṣé oògùn yẹn ló ń jẹ́ kí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú? Bí omi èèpo igi tí wọ́n sè. Mo ní kó mu omi, ó ní òun ń mu."

Ó ṣe mí bí ìgbà tí èèyàn tẹ àtẹ̀gùn kan tí kò sí níbẹ̀. Ìtọ̀ dúdú túmọ̀ sí pé ẹran ara rẹ̀ ń bàjẹ́, ohun tó ń jáde láti inú rẹ̀ sì ń kún inú kíndìnrín. Bí kíndìnrín bá dí, bàbá lè kú.

"Màmá, kí ni bàbá ń lò fún ikọ́?"

"Ẹni tó ni kẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló fún un ní nǹkan. Ó ti lò ó fún ọjọ́ mẹ́fà. Ikọ́ náà sì ti ń lọ o, mi ò níí parọ́."

Ó yọ páálí rẹ̀ nínú báàgì. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn apakòkòrò tí orúkọ wọn ń parí sí "máísìn" ni. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ fún ikọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí máa ń dí ọ̀nà tí ara ń gbà lé irú státíìnì tí mo kọ fún bàbá jáde, gbogbo rẹ̀ á sì máa kó jọ sínú ara. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti dáhùn rẹ̀ nínú ìdánwò rí, mo sì gbà á.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá. Ó gbọ́ mi tán, kò pariwo. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ibo ló wà báyìí?"

Fóònù bàbá ò lọ. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóko. Ọ̀gá ní kí awakọ̀ ilé ìwòsàn gbé èmi àti màmá lọ. Ojú ọ̀nà Òkè-Bùkún ni oko náà wà. Mọ́tò ò lè dé inú rẹ̀, a sì rin ìyókù. Màmá ń ṣíwájú mi. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí màá bẹ̀ ẹ́ fún tí kò ní dá kún ìbẹ̀rù rẹ̀.

A gbọ́ ẹ̀rín wọn kí a tó rí wọn. Ọkùnrin márùn-ún wà lórí ìlà, wọ́n ń kọ ebè, bàbá sì jókòó sórí èyí tí wọ́n ti kọ tán, ọkọ́ wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ wo akọ̀wé," ni ọ̀kan ń wí, "wọ́n ti sọ oko di ọ́fíìsì. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé."

"Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní tábìlì," ni èkejì wí.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni bàbá wí. "Ta ló kọ ìlà méjì nínú oko tìẹ lọ́jọ́bọ̀?"

Wọ́n rí mi. "Káì! Dókítà ti dé! Wọ́n wá bá wa kọ ebè!"

Mo sọ fún bàbá pé kó jẹ́ ká máa lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí. Ó ní kò burú, bí wọ́n bá kọ ìlà yẹn tán. Mo ní kò lè dúró. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, mo ti kọ ebè nínú oko gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí ó kan tèmi, ṣé kí n wá di ẹni tí ọmọdé ń fà lọ? Iṣẹ́ ló ń ro mí, kì í ṣe àìsàn. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi, èyí tí kò bá jọ ti oko. Èyí jọ ti oko."

Gbogbo wọn gbọ́. Mo lè sọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ jù, tàbí pé ọ̀gá ló ń pè é. Ojú ń tì mí gan-an, ó sì ń ṣe mí bí kí n parọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí n kò bá sọ òótọ́, kò ní dìde.

"Bàbá, èmi ni mo ṣì í sọ. Kì í ṣe oko ló ń ro yín. Oògùn tí mo kọ fún yín ni, òun àti ti ikọ́ yẹn, wọ́n ń ba ẹran ara yín jẹ́. Ó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́rú. Bí a bá pẹ́, á kan kíndìnrín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkùnrin tó ti ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ tábìlì ló kọ́kọ́ fi ọkọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti apá bọ abẹ́ abíyá bàbá. "Akọ̀wé, ẹ dìde. Ìlà yín ò ní sá lọ." Bàbá gbìyànjú láti dìde fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e. Ọkùnrin méjì ló gbé e dé ìdí mọ́tò.

A fi omi sí i lára, omi púpọ̀, ní ọ̀sán àti ní òru. A dá àwọn oògùn méjèèjì dúró. Àyẹ̀wò tó ń fi bí ẹran ara ṣe bàjẹ́ tó hàn, Lọ́kọ́ja la fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò dúró de èsì kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo ìtọ̀ bàbá nínú ike bí ẹni ń wo ojú ọ̀run fún òjò. Lọ́jọ́ kìíní, dúdú. Lọ́jọ́ kejì, dúdú díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó mọ́ bí ti ẹnikẹ́ni, mo sì jáde lọ sẹ́yìn yàrá, mo sunkún. Àyẹ̀wò kíndìnrín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò.

Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní bóyá kí n má kọ irú oògùn yìí mọ́.

"Gbogbo ìbéèrè tí ó yẹ lo béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n o bá a dáhùn ọ̀kan. O sọ irú ìrora tí kò pọn dandan kó wá sọ fún ẹ. Tiwa ni láti yà á sọ́tọ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Àti pé, gbogbo ìgbà tó bá padà wá, ìbéèrè oògùn di tuntun. Lọ bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀."

Ibẹ̀ ló ti le. Nígbà tí oṣù méjì kọjá, bàbá ti ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gòkè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ kó gbìyànjú státíìnì mìíràn, irú èyí tí kì í gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá nínú ara, ní ìwọ̀n kékeré. Màmá ò gbọ́ rárá. "Ata ilẹ̀ àti aáyù ni màá máa fún un. Ọlọ́run á ṣe ìyókù." N kò dá a lẹ́bi. Bó bá jẹ́ bàbá mi ni wọ́n gbé jáde lóko báyẹn, mi ò mọ̀ bóyá màá tún fẹ́ rí bíírò dókítà náà.

Bàbá ò bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn. Èmi ló kọjú sí.

"Ṣé wàá kọ ọ́ fún bàbá tìẹ?"

Mo ronú nípa bàbá mi, mo rí i lóko, mo tún rí i ní ilẹ̀ balùwẹ̀. Mo ní, "Màá kọ ọ́. Ẹ̀rù á bà mí, ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí nípa rọpárọsẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Màá ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Màá sọ fún un pé ìrora yòówù tó bá dé, ti oko tàbí ti ilé, kó wá. Kó má lo oògùn kankan tí mi ò tíì rí."

Bàbá fọwọ́ pa itan rẹ̀, ó ń ronú.

"Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, tí itan bá ro mí, kí ni a ó dì í rù, oko ni àbí oògùn? Oko ṣì ń lọ, àáró sì ti yí bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí àáró parí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ́ kọ́ sára ògiri fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ara mi tutù. Nígbà náà ni kí ẹ fún mi. Ẹni tó jókòó lásán tí itan ń ro, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé iṣẹ́ kọ́."

Mo yíjú sí ọ̀gá. Ọ̀gá ní òun ò rí ohun tó burú nínú ọgbọ́n yẹn. Màmá mí kanlẹ̀. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ni òun á máa fún un, òun á sì máa wo ìtọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ẹ ò ní jẹ́ kí n sinmi nínú ilé ara mi mọ́," ni bàbá wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà nígbà tí iṣẹ́ ebè parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn gùn fún mi. Ní gbogbo ìgbà tí fóònù mi bá dún, màmá ni mo máa ń rò. Ó pè lẹ́ẹ̀kan. Ó ní bàbá ń ráhùn pé ìjókòó ń pa òun, ṣùgbọ́n ìjókòó nìkan ni.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ẹran ara rẹ̀ dára, ẹ̀dọ̀ dára, kíndìnrín dára, ọ̀rá náà sì ti ń bọ́ sílẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń mi orí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín?"

"Eyín ni. Láti ìjẹta. Mi ò sùn." Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó gbé oògùn pélébé kan tí wọ́n dì sínú bébà lé orí tábìlì mi. "Kẹ́mísì fún mi ní èyí. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi hàn ọ́."

Mo tú bébà náà. Parasitamọ́ọ̀lù ni, irú èyí tí à ń fún ọmọdé tí ibà bá mú. Ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá àgbàlagbà yìí ti fara da eyín ríro, ó ń dúró dè mí kí n gbà á láyè láti lo parasitamọ́ọ̀lù. Àánú ṣe mí débi pé n kò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n bẹ̀ ẹ́. Ó dà bí pé ìbẹ̀rù tèmi ni mo bu fún un gbé lọ sílé. Síbẹ̀ ó wá. Ó jókòó níwájú mi, ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe di oògùn náà mú.

"Ẹ lò ó, bàbá. Kò sí ohun tí á ṣe yín."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Bu omi fún mi, ọmọ mi," ló wí, ó sì la ẹnu.